Ewé Tó Ń Kákò Lọ́gbà: Àgbéyẹ̀wò Ohun Tó Ń Fà Á àti Àmì Tí A Fi Ń Dá A Mọ̀

Ní àríwá Èkìtì, láti Ọ̀tùn títí dé Ìkọ̀lé, láti Ọ̀yẹ́ títí dé Ìdó, ṣàṣà ni àgbàlá tí kò ní ohun ọ̀gbìn díẹ̀ lẹ́yìnkùlé: ilá, ata, tòmátò, ìbẹ́pẹ kan tàbí méjì, ọsàn, máńgòrò, àti ẹ̀gẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé lọ dé ojú oko. Ìyọnu kan wà tó kan gbogbo wọn: ewé wọn a máa kákò. Ewé tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ lè ká sókè, ó lè tẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè lọ́ kí ó hunjọ. Bí a bá béèrè ohun tó fà á, ìdáhùn kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹnìkan á ní ọyẹ́ ni. Ẹlòmíràn á ní kòkòrò ni. Àwọn kan á pè é ní àrùn, àwọn kan á di ẹ̀bi ru ilẹ̀, àwọn mìíràn á nawọ́ sí oògùn koríko tí aládùúgbò fín.

Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rí tirẹ̀, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ewu wà, nítorí ìtọ́jú tó bá ọ̀kan mu lè ba èkejì jẹ́. Ẹni tó ń bu omi sí gbòǹgbò tí omi ti pọ̀ lápọ̀jù ń pa igi rẹ̀. Ẹni tó fín oògùn kòkòrò sí ewé tó kákò nítorí oòrùn ti ná owó rẹ̀ dànù, ó sì ti pa àwọn kòkòrò rere tó ń bá a ṣọ́ ọgbà. Nítorí náà, ó tọ́ kí a to èrò kọ̀ọ̀kan kalẹ̀, kí a yẹ agbára àti àléébù rẹ̀ wò, kí a tó mọ èyí tí a ó dì mú.

Àmì tó yẹ kí a kọ́kọ́ wò

Àmì márùn-ún ni gbogbo èrò wọ̀nyí ń lò. Èkíní ni ìhà tí ewé ká sí: ṣé etí rẹ̀ gbé sókè ni, àbí ó tẹ̀ wálẹ̀, àbí ó kàn lọ́ láìní ìhà kan pàtó? Èkejì ni ọjọ́ orí ewé náà: ṣé ọ̀mùnú ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀, àbí ewé àgbà tó wà nísàlẹ̀? Ẹ̀kẹta ni àwọ̀ rẹ̀: ṣé ó ṣì tutù yọ̀yọ̀, àbí ó ti pọ́n létí, àbí ó ní àbàwọ́n funfun àti òféfèé? Ẹ̀kẹrin ni bí ó ṣe tàn ká: gbogbo ebè ló ṣe, àbí igi kan níhìn-ín, igi kan lọ́hùn-ún, àbí ìlà tó súnmọ́ ààlà nìkan? Ẹ̀karùn-ún ni àkókò: ewé tó kákò lọ́sàn-án, ṣé ó máa ń tẹ́ padà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́?

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tó láti fi dá ẹjọ́. Ewé tó ká sókè lè jẹ́ ti oòrùn, ó lè jẹ́ ti fáírọ́ọ̀sì, ó sì lè jẹ́ ti kòkòrò. Àpapọ̀ wọn ló ń sọ̀rọ̀.

A tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ìwé tí a kà. Ìwé ọgbà láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Taphrina deformans, ebu kan tó ń ká ewé igi peach kò tí ó sì ń sọ ọ́ di pupa. Ní ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n a máa fín oògùn tó ní kọ́pà sí igi kí ó tó rúwé. Igi peach kì í ṣe igi àgbàlá Èkìtì, ebu náà kì í sì í bá ọsàn tàbí máńgòrò jà. Ẹni tó bá gbé ìtọ́jú yẹn wá síbí kàn ń tọ́jú àrùn tí kò sí ni.

Èrò kìn-ín-ní: oòrùn, ọyẹ́ àti omi

Àwọn tó di èrò yìí mú sọ pé kíkákò kì í ṣe àrùn rárá. Ọ̀nà tí ewé fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni. Ewé ní ihò tín-ín-tìn-ín tó fi ń mí, ibẹ̀ náà sì ni omi ń gbà jáde lára rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fa omi ju èyí tí gbòǹgbò lè pèsè lọ, ewé a ká ara rẹ̀ kò kí oòrùn má baà rí gbogbo ojú rẹ̀ bá wí. Àgbàdo ló ń fi èyí hàn jù lọ nígbà ọ̀dá, ṣùgbọ́n tòmátò, ata àti ọsàn náà ń ṣe é.

Èrò yìí bá àríwá Èkìtì mu dáadáa. Agbègbè tó bá Kwara àti Kogi pààlà ni, níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn díẹ̀díẹ̀, tí ọyẹ́ sì máa ń mú láti òpin ọdún wọ ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e. Ní àkókò yẹn, afẹ́fẹ́ gbẹ, ilẹ̀ orí òkè olókùúta kì í sì mú omi dúró pẹ́.

Ti tòmátò yàtọ̀ díẹ̀. Ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè ká sókè, kí ó nípọn, kí ó sì le, síbẹ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ bí ooru bá mú púpọ̀, bí a bá gé ẹ̀ka rẹ̀ lápọ̀jù lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí bí ọ̀dá bá yí padà di òjò ńlá lójijì. Irú ewé bẹ́ẹ̀ lè má tẹ́ padà mọ́, ṣùgbọ́n igi náà á máa yọ òdòdó, á sì máa so. Omi àpọ̀jù náà ń ká ewé: ní àkùrọ̀ tí omi dúró sí, gbòǹgbò kì í rí afẹ́fẹ́ mí, ewé á sì rọ wálẹ̀, á tẹ̀ bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.

Agbára èrò yìí ni pé ó rọrùn láti dán wò. Bí ewé bá tẹ́ padà ní àárọ̀ kùtùkùtù, tí ó sì ṣe gbogbo igi ọgbà bákan náà, ẹ̀rí pọ̀ fún un. Ìtọ́jú rẹ̀ kò ná ni lówó: koríko gbígbẹ tí a fi bo ìdí igi, omi tí a bu ní ìrọ̀lẹ́, ìbòji fún ọmọ igi tuntun. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè ṣàlàyé ìdí tí igi kan fi kákò tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi tẹ́, kò sì lè ṣàlàyé àbàwọ́n, ìràrá tàbí ọ̀mùnú tó hunjọ. Ẹni tó bá dì í mú jù á máa retí òjò nígbà tí àrùn ń tàn.

Èrò kejì: kòkòrò

Àwọn tó di èyí mú ní kí a yí ewé padà kí a wo abẹ́ rẹ̀. Iná ewé, kòkòrò kéékèèké tó ń wọ́ jọ sábẹ́ ọ̀mùnú, ń fa omi ara ewé mu, ewé á sì tẹ̀ wálẹ̀ bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n ń yà dà bí oyin. Ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ebu dúdú a sì máa hù lórí rẹ̀. Bí èèrà bá ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ lára igi ọsàn, oyin yìí ni wọ́n ń tọ̀, wọ́n a sì máa lé àwọn kòkòrò tó yẹ kó jẹ iná ewé náà lọ.

Lára ata, àmì yàtọ̀ síra gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà. Kòkòrò thrips sábà máa ń ká ewé sókè, á sì fi àpá tó ń dán bíi fàdákà sílẹ̀. Màìtì gbòòrò, tí ojú lásán kò lè rí, ń tẹ ewé wálẹ̀, á sọ ọ́ di tẹ́ẹ́rẹ́, á le, abẹ́ rẹ̀ á sì ní àwọ̀ idẹ. Lára ọsàn, ìdin afòpiná kan tó ń jẹ́ Phyllocnistis citrella ń gbé inú awọ ewé tuntun, ó ń la ọ̀nà wọ́gọwọ̀gọ funfun síbẹ̀, ewé á sì ká. Éṣíà ni ó ti wá. Ní ọdún 1993 ni wọ́n rí i ní Florida, ọdún wọ̀nyẹn náà ni ó sì tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ọsàn ń hù. Igi ọsàn àgbà lè fara dà á; ọmọ igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé ni ó ń pa lára gidi.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ fún èrò yìí ní Áfíríkà ni ti ẹ̀gẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò kan tí ìyẹ̀fun funfun bo lára, Phenacoccus manihoti, wọ agbègbè Kóńgò láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì tàn ká. Itọ́ rẹ̀ ń mú kí orí ẹ̀gẹ́ súnkì, kí ewé rẹ̀ wọ́ jọ kí ó sì kákò. Kì í ṣe oògùn ló ṣẹ́gun rẹ̀. Ní ọdún 1981, wọ́n rí agbọ́n kékeré kan ní Paraguay tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà. Àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn tọ́ ọ, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún yẹn gan-an, lẹ́yìn náà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn. Hans Herren, ọmọ Switzerland tó darí iṣẹ́ náà, gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 1995.

Agbára èrò yìí ni pé a lè fi ojú rí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀daràn náà, a sì lè fi ọwọ́ kó wọn. Àléébù rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Ewé tó ti kákò kì í tẹ́ padà lẹ́yìn tí kòkòrò bá kú, nítorí náà àgbẹ̀ lè rò pé oògùn kò ṣiṣẹ́, kí ó tún fín òmíràn. Fífín lemọ́lemọ́ ń pa àwọn kòkòrò rere, màìtì sì sábà máa ń pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, kòkòrò tí a rí lè jẹ́ aláàárù lásán, kí ẹrù tó gbé wá jẹ́ ohun mìíràn.

Èrò kẹta: fáírọ́ọ̀sì

Ẹrù náà ni èrò kẹta ń sọ. Ní ọdún 1894 ni Warburg, onímọ̀ ewéko ọmọ Jámánì, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àrùn mòsáíìkì ẹ̀gẹ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú: àwọn onímọ̀ ní láti fi hàn pé eṣinṣin funfun ló ń gbé e kiri, ọdún 1983 ni Bock àti Woods sì tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láìsí iyèméjì pé fáírọ́ọ̀sì kan ló ń fà á. Ewé ẹ̀gẹ́ tó ní in á ní àbàwọ́n òféfèé, á lọ́, á sì kéré ju bó ti yẹ lọ.

Nàìjíríà ní ipa ńlá nínú ìdáhùn sí i. Láti inú irú tí wọ́n ti ara ẹ̀gẹ́ àti ìbátan rẹ̀ inú igbó bí ní Amani ní Tanzania ni irúgbìn 58308 ti jáde ní ibùdó ìwádìí Moor Plantation ní Ìbàdàn. Sang Ki Hahn, onímọ̀ ọmọ Korea tó wá sí IITA ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, lò ó láti bí àwọn ẹ̀gẹ́ tó ń kojú àrùn náà, TMS 30572 sì wà lára wọn. Àwọn ará Ìkirè fi oyè Séríkì Àgbẹ̀ dá a lọ́lá.

Ẹ̀gẹ́ nìkan kọ́. Tòmátò tí fáírọ́ọ̀sì ká ewé rẹ̀ kò jọ èyí tí ooru ká: ọ̀mùnú ló ti bẹ̀rẹ̀, ewé náà kéré, etí rẹ̀ pọ́n, igi á ràrá, òdòdó á sì máa já bọ́. Ilá tó ní irú rẹ̀ á ní iṣan tó wú lábẹ́ ewé. Fáírọ́ọ̀sì ata kan tí iná ewé ń gbé kiri, tí Brunt àti Kenten ṣàpèjúwe ní Ghana ní ọdún 1971, ń hun ewé ata jọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2010, wọ́n kéde àrùn tó ń mú kí orí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ́ jọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn: ewé rẹ̀ á dúró ṣánṣán, á tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ á ká. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bá kó láti ibi tó ti ní àrùn ni ó sábà máa ń gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Agbára èrò yìí ni pé ó ṣàlàyé ìdí tí igi kan fi ń ṣe é kí òmíràn tó tẹ̀ lé e, àti ìdí tí omi, ajílẹ̀ àti oògùn kò fi mú un lọ. Kò sí oògùn tó ń wo igi tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni kí a gbin irú tó lè kojú rẹ̀, kí a mú igi ẹ̀gẹ́ láti ara èyí tó mọ́, kí a sì tètè hú igi tó ṣe é kúrò lọ́gbà tòmátò.

Àléébù rẹ̀ ni pé a kò lè fi ojú rí i. Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni a fi ń dá a mọ̀ dájú, èyí tí àgbẹ̀ àgbàlá kò lágbára láti san owó rẹ̀. Bí gbogbo ewé tó kákò bá sì ti di fáírọ́ọ̀sì lójú wa, a ó máa hú igi tó yẹ kó wà láàyè. Àwọn ẹ̀gẹ́ kan tún wà tó jẹ́ pé igi tí a gé láti apá òkè wọn lè hù láìní àmì àrùn mọ́. Kíkákò lónìí kò túmọ̀ sí pé irúgbìn náà ti bàjẹ́ títí láé.

Èrò kẹrin: ilẹ̀ àti ajílẹ̀

Èrò yìí ní kí a wo ohun tí gbòǹgbò ń jẹ. Ìhà tí àìtó oúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀ ń fi irú rẹ̀ hàn. Àìtó potássíọ̀mù máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ewé àgbà: etí á gbẹ, á sì ká. Àìtó kálsíọ̀mù àti bórọ́ọ̀nù máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀mùnú: á tẹ̀ kọ́ọ́rọ́, á nípọn, á máa ṣẹ́. Àìtó síǹkì ń sọ ewé kóòkò di tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ bíi dòjé. Àpọ̀jù ajílẹ̀ náà ní tirẹ̀: ìgbẹ́ adìyẹ tútù tàbí fatiláísà oní-nítírójínì púpọ̀ ń mú kí ewé dúdú, kí ó rọ̀, kí ó tẹ̀ wálẹ̀, kí iná ewé sì fẹ́ràn rẹ̀.

Èyí kan àríwá Èkìtì dáadáa. Ilẹ̀ tó ti ara àpáta líle jáde, tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, rọrùn fún òjò láti fọ oúnjẹ inú rẹ̀ lọ, pàápàá ibi tí a kò ti jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi mọ́.

Agbára èrò yìí ni pé ó ń tọ́ka sí ohun tí àgbẹ̀ lè tún ṣe, ó sì bá àmì tó ṣe gbogbo ebè lẹ́ẹ̀kan náà mu. Àléébù rẹ̀ ni pé àmì àìtó oúnjẹ jọra wọn púpọ̀, wọ́n sì jọ ti àrùn. Láìsí àyẹ̀wò ilẹ̀, àbá lásán ni. Ó tún ní ìdíjú kan: omi ló ń gbé kálsíọ̀mù lọ sí ọ̀mùnú. Nígbà ọ̀dá, ewé lè ṣàìní in bó tilẹ̀ pọ̀ nínú ilẹ̀. Ẹni tó bá da oúnjẹ kún ilẹ̀ gbígbẹ kò ì tíì yanjú ohunkóhun.

Èrò karùn-ún: oògùn koríko

Èyí ni èrò tó kéré lọ́jọ́ orí jù, ó sì ń lágbára sí i bí oògùn koríko ti ń rọ́pò ọkọ́ àti àdá. Oògùn 2,4-D, tí wọ́n ń fín sí oko àgbàdo àti ìrẹsì láti pa koríko eléwé gbòòrò, lè ba ata, tòmátò, ilá àti ẹ̀gẹ́ jẹ́ bí atẹ́gùn bá gbé díẹ̀ péré kọjá ààlà. Ewé tuntun á di tẹ́ẹ́rẹ́, iṣan rẹ̀ á tò lọ́gbọọgba, ọwọ́ ewé àti igi á lọ́. Ẹ̀rọ ìfínkoríko tí a kò fọ̀ dáadáa kí a tó fi fín oògùn kòkòrò lè ṣe ohun kan náà. Glyphosate náà lè sọ ọ̀mùnú di tẹ́ẹ́rẹ́ àti funfun.

Ewu náà lè gba ọ̀nà ajílẹ̀ wọlé. Ní Britain, wọ́n dá títà oògùn koríko aminopyralid dúró ní ọdún 2008 lẹ́yìn tí ìgbẹ́ ẹran tó jẹ koríko tí wọ́n fín ún sí ba ọ̀pọ̀ ọgbà ewébẹ̀ jẹ́.   

Agbára èrò yìí ni pé ó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ lójijì, tó burú jù ní ìlà tó súnmọ́ ààlà, tó sì kan oríṣiríṣi ohun ọ̀gbìn lọ́jọ́ kan náà. Fáírọ́ọ̀sì ẹyọ kan kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ewé tí 2,4-D lọ́ jọ èyí tí fáírọ́ọ̀sì lọ́ gidigidi, ẹ̀rí tó dájú sì ṣòro láti rí. Ẹ̀sùn láìsí ẹ̀rí ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin aládùúgbò méjì tó pín ààlà oko, èyí kò sì yẹ kó ṣẹlẹ̀.

Ibi tí àwọn èrò yìí ti pàdé

Bí a bá to wọn jọ, a ó rí i pé wọn kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ọ̀dá ń mú kí àwọn màìtì kan àti eṣinṣin funfun pọ̀. Eṣinṣin funfun ń gbé fáírọ́ọ̀sì. Nítírójínì àpọ̀jù ń pe iná ewé. Ọ̀dá ń dínà mọ́ kálsíọ̀mù. Ohun tó yàtọ̀ ni ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ètò tó bọ́gbọ́n mu ni kí a lọ láti orí ohun tí kò náni lówó sí èyí tó náni: kí a wo ewé ní kùtùkùtù àti ní ọ̀sán, kí a yí i padà wo abẹ́ rẹ̀, kí a wo bí ó ṣe tàn ká ọgbà, kí a rántí ohun tí a fín àti ohun tí a dà sílẹ̀ láìpẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí a tó ra ohunkóhun. Bí ọ̀ràn bá kọjá agbára ẹni, òṣìṣẹ́ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, ilé ìwádìí ohun ọ̀gbìn ọgbà NIHORT tó wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1975, àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní Ìkọ̀lé wà láti tọ̀ lọ.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ìbéèrè mẹ́rin ṣì ń fa àríyànjiyàn. Èkíní ni ti tòmátò tí ooru ká ewé rẹ̀. Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé kò dín èso kù tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ooru bá ń pẹ́ sí i lọ́dọọdún, a kò lè fi ìdánilójú sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa rí.

Èkejì ni ti fáírọ́ọ̀sì tó ju ẹyọ kan lọ nínú igi kan ṣoṣo. Àwọn fáírọ́ọ̀sì ẹ̀gẹ́ ti fi hàn pé wọ́n lè pa ara wọn pọ̀ di irú tuntun tó burú ju ti ìṣáájú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ ní Uganda ní àwọn ọdún 1990. Bí agbára irúgbìn tó ń kojú àrùn lónìí yóò ṣe pẹ́ tó kò tíì dáni lójú.

Ẹ̀kẹta ni ti ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń lò nílé: eérú, ọṣẹ, àti omi ewé tàbí hóró dóńgóyárò. Dóńgóyárò ń dí kòkòrò lọ́wọ́, kò sí iyèméjì nínú èyí. Ohun tí a ń bá ara wa jà lé lórí ni bóyá ó ń yá tó láti dá eṣinṣin funfun dúró kí ó tó gbé fáírọ́ọ̀sì wọ inú igi, nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí díẹ̀ ló ń gbà á.

Ẹ̀kẹrin ni ìpín tí ọ̀dá àti kòkòrò ní nínú ewé tó kákò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àkókò kan náà ni àwọn méjèèjì ń dé, ìwádìí tó máa yà wọ́n sọ́tọ̀ sì nílò ọgbà tí a fún lómi lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a kò fún, ní ilẹ̀ kan náà, láti ọdún dé ọdún. Títí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ yóò fi wọ́pọ̀ lágbègbè wa, kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ẹgbẹ́ èrò márààrùn-ún tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.